Ẹyẹ Ike Tó Dorí Kodò ní Yàrá Pàjáwìrì

“Kí aago mẹ́rin tó lù, màá na ìka sí ẹni tó ṣe é. Ẹni tí mo bá sì na ìka sí, ẹjọ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn!”

Verna Stoddard ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, láàárín yàrá pàjáwìrì ọsibítù wa ní Sandhill Palms. Ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sókè bí ọlọ́pàá tó fẹ́ dá tírélà dúró. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi yẹ ilé ìdáná àwọn ilé oúnjẹ wò fún ìjọba ní Ohio kó tó fẹ̀yìntì wá sí Florida bíi ti gbogbo wa. Bí eku bá gba ibì kan kọjá lóṣù tó kọjá, Verna á sọ fún ọ bóyá akọ ni tàbí abo, á sì tún sọ ohun tó jẹ kó tó jáde nílé.

“Èmi fúnra mi wà nínú yàrá yìí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tọ́rọ̀ náà ṣẹlẹ̀,” ó ń bá a lọ. “Ọrùn ẹsẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Ẹ bi Lyle, òun ló fi ọkọ̀ gọ́ọ̀fù gbé mi wá. Ogún ìṣẹ́jú péré la lò, ara mi ò gbà á, a bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n nínú ogún ìṣẹ́jú yẹn, bí eṣinṣin bá jí ṣúgà níbí, màá mọ̀ ọ́n láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀!”

“Òótọ́ ni,” ni mo wí.

Èmi ni Lyle. Lyle Pruitt. Ogójì ọdún ni mo fi lu màlúù ní gbàǹjo ní Oklahoma, mi ò sì gbàgbé ojú màlúù kan rí, áńbọ̀sìbọ́sí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú. Màá wá fi ìtìjú gbà á padà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ṣòroó sọ, gbígbé mì ló ṣòro. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, aládùúgbò wa kan, Orrin Haas, dé yàrá pàjáwìrì ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Inú rírun ni. Wọ́n fún un ní ike ìpè, nọ́ńbà kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ike pẹlẹbẹ dúdú kan ni, bí ọmọrí ìkòkò kékeré. Bó bá kàn ọ́, á máa gbọ̀n, á máa tan iná pupa. Irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fún wa nílé oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wa bí a bá ń dúró de ẹja díndín. Bí ó bá sú ọ, tí o fẹ́ máa lọ sílé, wàá sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Orrin jókòó. Ó jókòó di ọ̀sán. Ó jókòó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ló bá ṣubú lulẹ̀ gbì bí àpò sìmẹ́ńtì. Apẹ́ńdíìsì rẹ̀ ti bẹ́ sínú. Wọ́n la inú rẹ̀, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, kò kú. Ó wà lókè, ó ń jẹ jẹ́lì, ó ń bú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n yẹ inú kọ̀ǹpútà wò, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: *Orrin Haas, aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, ó ti lọ sílé fúnra rẹ̀.*

Ó lọ sílé bí? Ẹni tí ìdí rẹ̀ kò kúrò nílé yìí!

Àwọn aláṣẹ ọsibítù ní nọ́ọ̀sì tó ń bojú tó ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, Marisol Quintero, ló pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kí iṣẹ́ lè dín kù. Bó bá di aago mẹ́rin òní, wọ́n á gbé ìwé ìyọṣẹ́ fún un, wọ́n á sì kọ̀wé kí wọ́n gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlọ́pàá méjì ti wá. Wọ́n ní ta ló ń jí ike, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mu kọfí, wọ́n lọ.

Ẹ wá wò ó, Marisol kì í ṣe nọ́ọ̀sì tí à ń fi ṣeré. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀ ní etí tó ṣì ń gbọ́. Àwọn yòókù a máa lọgun mọ́ wa bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko.

“Mísì Verna, mo ti sọ tèmi fún wọn,” ni Marisol wí. Ojú rẹ̀ ti wú. “Wọn ò gbọ́. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí.”

“Nu ojú ẹ,” ni Verna wí. “Ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí.”

Lókè orí gbogbo wa, pátákó oníná ńlá kan ń tàn yòò lára ògiri: ÀKÓKÒ ÌDÚRÓ LÓNÌÍ: ÌṢẸ́JÚ MỌ́KÀNLÁ. Lábẹ́ pátákó yẹn gan-an ni obìnrin kan jókòó sí, ó wọ búláòsì olódòdó, ó gbé ọwọ́ òsì tó wú rọ̀bọ̀tọ̀ lé itan, ó sì fi àpò ẹ̀wà aláwọ̀ ewé tó dì gbagidi nínú fìríìsà lé ọwọ́ náà bíi yìnyín, kí wíwú rẹ̀ lè rọlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ni obìnrin náà wí fún mi, “ṣé ẹ̀yin lẹ ń…”

“Ẹ ní sùúrù díẹ̀, màmá,” ni mo dá a lóhùn. “Ìwádìí ń lọ lọ́wọ́.”

*

“Gus!”

Gus Lindqvist ta jí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, ó wọ ẹ̀wù yẹ́lò àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọsibítù. Òun ló ń pín ike ìpè fún ẹni tó bá wọlé.

“Mísì Verna.”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. Níbo lo wà?”

“Orí àga mi yìí.”

“Ṣé ojú ẹ là?”

Gus wo àjà. “Èwo nínú méjèèjì?”

“Gus, o sùn.”

“Mi ò sùn. Mo pa ojú dé kí n fi ronú.”

“Gbogbo ayé ló ń gbọ́ bí o ṣe ń hanrun!”

“Èrò náà ló wúwo.”

Verna mí kanlẹ̀. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí apẹ̀rẹ̀ ẹnu ọ̀nà. “Bí mo bá sọ ike sínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti lọ?”

“Kò sí. Ẹ̀rọ wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ike bá ti balẹ̀ pẹ́rẹ́, ẹ̀rọ á pa orúkọ oníke rẹ́.”

“Láì bi ẹnikẹ́ni?”

“Ọ̀gbẹ́ni Dahl ní ẹ̀rọ kì í parọ́.”

“Ẹ̀rọ kì í parọ́,” ni Verna tún sọ, ó ń rọra jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀. “Marisol, ṣé o fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ní àkókò yẹn?”

“Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń gbà lára ẹnì kan ní yàrá kẹta. Dókítà wà níbẹ̀.”

“Ó dáa. Ẹnì kan ló gbé ike Orrin, tó rìn débí, tó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ta ló máa jèrè rẹ̀ bí Orrin bá lọ sílé?”

Bí ẹni pé wọ́n fi orin pè é, ilẹ̀kùn ṣí, Preston Dahl wọlé. Òun ni ọ̀gá àgbà. Táì rẹ̀ le, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò, ìwé ìyọṣẹ́ náà sì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

“Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà mi ọ̀wọ́n!” Bó ṣe máa ń kí wa nìyẹn, bí ẹni ń kí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

“Preston,” ni Verna wí, “ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn. Ìgbà wo lẹ ti ń kà á?”

“Láti ìgbà tí aláìsàn bá wọlé.”

“Títí dìgbà wo?”

“Dìgbà tí òṣìṣẹ́ wa kan bá dá a lóhùn.”

“Òṣìṣẹ́ wo?”

Ọ̀gbẹ́ni Dahl wo ilẹ̀. Èmi wo Verna. Verna wo Gus. Gus wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

“Ó jọ pé èmi ni,” ni Gus wí. “Mo máa ń sọ pé, ‘Ẹ káàbọ̀, ẹ gba ike.’”

“Háà!” Mo fò sókè, orúnkún mi sì dún. “Ìṣẹ́jú mọ́kànlá la fi ń dúró de Gus!”

“Bí mi ò bá ti ń ronú, ó máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ,” ni Gus wí.

Gbogbo yàrá pariwo. Bàbá kan tó ń wúkọ́ gbàgbé ikọ́ rẹ̀. Verna fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

“Ẹni tó bá sì lọ sílé ńkọ́, Preston? Ṣé ẹ̀ ń kà á mọ́?”

“A… kì í ka àwọn tó bá lọ.”

“Nítorí náà, bí ènìyàn bá jókòó pẹ́ títí tó ń ba ìròyìn yín jẹ́, tí ike rẹ̀ bá ṣèèṣì já sínú apẹ̀rẹ̀…”

“Òun ni!” ni mo ké. “Òun náà nìyẹn! Verna, na ìka! Aago mẹ́ta kò tíì lù, o na ìka, ká lọ jẹun!”

Ìka Verna ti ń gbéra. Mo rí i. Ó ti kúrò lára ọ̀pá, ó ti ń gòkè bọ̀ bí oòrùn àárọ̀.

“Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,” ni Ọ̀gbẹ́ni Dahl sọ kíákíá, “mo wà ní Tampa. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwòrán mi wà nínú ìwé ìròyìn.”

“Kí lo lọ ṣe ní Tampa?”

Ó tún táì rẹ̀ ṣe. “Wọ́n fún mi ní àmì ẹ̀yẹ.”

“Ti kí ni?”

Ó fa ohùn náà wálẹ̀ débi pé ètè rẹ̀ la wò ká tó mọ ohun tó sọ. “Ti ìtọ́jú kíákíá.”

Ìka Verna padà sídìí ọ̀pá. Inú bí i débi pé ó ń kùn bí ìkòkò orí iná. Ẹni tó yẹ kó jẹ̀bi, tó sì wu gbogbo wa kó jẹ̀bi, kò sí nílé lọ́jọ́ náà! Irú ìyà wo nìyẹn?

*

Aago mẹ́ta kọjá. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán lára àpò ẹ̀wà, tó, tó, tó, sórí bàtà obìnrin yẹn. Ó tún na ọwọ́ tó dára sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́…”

“Níbo lẹ wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?” ni mo bi í, nítorí nínú ìwádìí a kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

“Ní Michigan. Lọ́dọ̀ ọmọ mi.”

“Ta ló lè jẹ́rìí sí i?”

“Lyle, fi obìnrin náà sílẹ̀!” ni Verna jágbe. “Lọ pe Trudy wá.”

Trudy Haas sọ̀kalẹ̀ láti òkè lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Obìnrin kúkúrú, báàgì rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Verna fà á lọ́wọ́ jókòó.

“Trudy, lọ́jọ́ náà, ta ló mú ike ìpè lọ́wọ́?”

“Orrin.”

“Ó dá ẹ lójú?”

“Ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo ti fẹ́ ẹ. Ohun tí kò bá sọnù, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wà.”

Verna ní kó pe Orrin lórí fóònù. Ohùn Orrin jáde, ó hó bí tábìlì tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀.

“Trudy ló mú un! Báàgì rẹ̀ ló wà! Wákàtí márùn-ún ni mo fi ń wo báàgì náà kó gbọ̀n!”

“Èmi náà ń wo àpò ṣòkòtò ẹ!” ni Trudy kígbe sínú fóònù.

“Kí ló dé tí o ò bi mí?”

“Ìgbà wo lo máa ń dáhùn bí mo bá bi ẹ́?”

Ẹ gbà mí! Èkíní ń wo báàgì, èkejì ń wo àpò, apẹ́ńdíìsì ń wo àwọn méjèèjì. Verna gbé ọwọ́ sókè kí ilé lè dákẹ́.

“Ní aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, ibo ni kálukú yín wà?”

“Mo lọ sílé lọ mú oògùn rẹ̀,” ni Trudy wí.

“Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo wà,” ni ohùn Orrin wí. “Mò ń bì. Ó tó wákàtí kan gbáko. Ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ni?”

“Rárá,” ni gbogbo yàrá dáhùn.

Verna fara balẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ̀rù máa ń bà mí bó bá rẹ ohùn sílẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tó ti ilé oúnjẹ adágún pa nítorí ṣíbí kan.

“Trudy. Ìwọ jáde, Orrin jáde. Ó ṣẹ́ku àga. Kí lẹ fi di àga mú?”

Ìbéèrè ọlọgbọ́n nìyẹn, ará Sandhill Palms nìkan ló sì lè bi í. Ní àdúgbò wa, a kì í fi àga sílẹ̀ lófìfo. Bí aago méje àárọ̀ bá ti lù, gbogbo àga etí adágún ti wọ tówẹ̀lì. Kálukú ti fi kílíìpù ike rẹ̀ há a mọ́ apá àga, ó ti padà lọ sùn. Kílíìpù náà máa ń ní àwòrán ẹyẹ: ayékòótọ́, pẹ́pẹ́yẹ, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹyẹ tirẹ̀. A ti jà nítorí rẹ̀. Eyín atọ́wọ́dá ti fò jáde nítorí rẹ̀.

Trudy fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Mo… Jésù mi! Mo fi ike náà sórí àga! Mo sọ fún Orrin pé, ‘Má fọwọ́ kàn án, á bá wa di àyè mú.’ Mo fi ẹyẹ mi há a mọ́ apá àga. Ẹyẹ pínkì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Mo ti wá a títí, mi ò rí i mọ́!”

“Ṣé èyí?” ni Gus wí. Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ síta, ó yọ ẹyẹ ike pínkì kan. Ó ti fi tépù funfun wé ikùn rẹ̀, ó kọ ọ́ sí i pé: *Ohun tó sọnù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.*

“Gus!” Verna fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ̀pá náà mọ́ ọn lórí. “Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun?”

“Ẹnikẹ́ni ò béèrè.”

“Níbo lo ti rí i?”

“Lára apá àga. Àga yẹn, kẹta láti ojú fèrèsé. Ó dorí kodò.”

“Ó ṣe kí ni?”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.”

Gbogbo ará Sandhill Palms tó wà nínú yàrá náà yíjú wo ẹyẹ náà. Ọ̀gbẹ́ni Dahl nìkan ló ń wò yàà bí àlejò nínú ìpàdé ẹbí.

“Kí nìyẹn túmọ̀ sí?” ló béèrè.

“Òfin Kẹrin,” ni Verna wí. “Òfin adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Èmi ni mo kọ ọ́. Bí nǹkan bá wà lórí àga fún ìdajì wákàtí tí ènìyàn ò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè mú nǹkan náà kúrò, kó sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ẹnu ọ̀nà, kó sì dorí ẹyẹ kodò lára àga, kí oníǹkan lè mọ̀ pé òfin ló mú un, kì í ṣe olè.”

Ó dìde. Ó ń rìn bọ̀ ó ń rìn lọ, ọ̀pá ń sọ kọ́ọ́, kọ́ọ́.

“Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Marisol kọ́. Kì í ṣe ará adágún, kò mọ Òfin Kẹrin, bó bá sì fẹ́ pa orúkọ rẹ́, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀, kí ló fẹ́ fi apẹ̀rẹ̀ ṣe? Preston kọ́, ó wà ní Tampa, ó ń gba ẹ̀bùn ìṣẹ́jú Gus. Kì í ṣe olè, olè ò ní dorí ẹyẹ kodò. Ọmọ àdúgbò wa ni. Ó wọlé, kò rí àyè jókòó, ó rí ike lórí àga. Ojoojúmọ́ ló ń rí irú ike bẹ́ẹ̀ nílé oúnjẹ wa. Kò tilẹ̀ ronú. Ó ṣe é bí ẹni pa ẹ̀fọn. Ó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé pátápátá. Ọ̀dẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀ tó ń pa òfin mọ́!”

“Ọ̀dẹ̀ gbáà!” ni mo gbè é lẹ́sẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. “Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò yẹ láwùjọ ènìyàn!”

Marisol ti dìde dúró. Aago ti di mẹ́rin ku ogún. Ọ̀gbẹ́ni Dahl gbọn ìwé rẹ̀.

“Àbá lásán nìyẹn, ìyá. Ta ni ẹni náà? Láìsí orúkọ, ìwé yìí dúró.”

“Fún mi ní ẹyẹ yẹn, Gus.”

Verna gbà á. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà, ó fi èékánná bẹ̀rẹ̀ sí í bó tépù Gus kúrò níkùn rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bó ẹyin gbígbóná.

“Òfin Kẹrin ní ìpín kejì,” ló ń sọ. “Ẹni tó bá mú nǹkan kúrò gbọ́dọ̀ kọ àkókò sára ẹyẹ. Lódindi àdúgbò, nínú egbèje ènìyàn, ẹyọ ẹnì kan ló máa ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti kọ ọ́.”

Tépù bọ́. Níkùn ẹyẹ náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: *11:40*. Ṣọ́ọ̀kì yẹ́lò ni. Ṣọ́ọ̀kì ọlọ́ràá. Irú èyí tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà sí ìdí màlúù.

Mo fi ọwọ́ bo àpò àyà mi.

“Ó… ó lè jẹ́ pé Preston…” ni mo bẹ̀rẹ̀.

“Lyle.”

“Tampa ò jìnnà púpọ̀…”

“Lyle. Kí ló wà lápò ẹ̀wù ẹ?”

“Kò sí nǹkan kan.” Mo tẹríba wo ilẹ̀ bí ọmọlúàbí, ni ṣọ́ọ̀kì yẹ́lò bá yọ́ jáde lápò àyà mi, ó yí gbirigbiri, ó dúró níwájú bàtà Ọ̀gbẹ́ni Dahl.

“Ìwọ!” ni Trudy ké. “Lyle Pruitt! O jẹ kéèkì nílé mi lọ́jọ́ Àìkú!”

“Ta nìyẹn? Ta ni?” ni Orrin ń hó lórí fóònù. “Ta ló jí àga mi?”

“Mi ò rántí!” ni mo ń pariwo. “Ẹ jẹ́ kí n kú báyìí, mi ò rántí rárá! Mo máa ń ṣe é nígbà ogún lọ́sẹ̀!”

Òótọ́ ni, mi ò rántí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo àga kẹta láti ojú fèrèsé yẹn, ó ń padà bọ̀ sí mi lórí díẹ̀díẹ̀, bí ìrora eyín. Ike náà. Apẹ̀rẹ̀. Ẹyẹ náà. Àti ohùn kan lẹ́yìn mi.

Ọ̀gbẹ́ni Dahl ti ń rẹ́rìn-ín. “Ó mà dáa o! Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ wá jókòó sórí àga náà?”

“Rárá,” ni mo wí.

“Ta ló jókòó síbẹ̀?”

Mo wo Verna. Verna ń wò mí. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń gun ojú rẹ̀ bọ̀, láti àgbọ̀n dé iwájú orí.

“Ọrùn ẹsẹ̀ ẹ ló ń dùn ẹ́, Verna,” ni mo rọra wí. “O ní, ‘Lyle, ìdajì wákàtí ti kọjá lórí àga yẹn, ṣe ohun tí òfin wí.’ Mo ní a ò tíì lo ìṣẹ́jú méjì níbí, báwo lo ṣe mọ̀? O fọwọ́ kan àga náà. O ní, ‘Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Lyle. Mo mọ àga tó ti tutù.’”

Omi ẹ̀wà ń kán. Tó, tó, tó.

Verna Stoddard gbé ìka rẹ̀ sókè. Ìka yẹn kan náà. Ó na án síwájú, ó yí i padà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ohun ọ̀ṣọ́ tó wà láyà ara rẹ̀.

“Mo ṣèlérí,” ló wí. “Kí aago mẹ́rin tó lù.”

*

“Wàyí o,” ni Ọ̀gbẹ́ni Dahl wí, tayọ̀tayọ̀, “ọsibítù ò jẹ̀bi rárá. Àwọn aráàlú ló ṣe ara wọn.”

“Pa ẹnu ẹ dé!” Verna fi ọ̀pá gún ilẹ̀. “Èmi àti òmùgọ̀ yìí la sọ ike sínú apẹ̀rẹ̀, màá sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan jókòó níbí fún wákàtí márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ó di inú mú, ó ń làágùn. Ẹ̀rọ ní ó ti lọ sílé. Ṣé kò sí ẹnì kan tó ní ojú nínú ilé yìí ni?”

“Ó wà,” ni Marisol wí.

Gbogbo wa yíjú sí i.

“Ohun tí mo ti ń sọ fún wọn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ní aago méjì, mo rí i pé ojú rẹ̀ ti funfun. Mo wá orúkọ rẹ̀, kò sí. Mo pe ọ́fíìsì yín, Ọ̀gbẹ́ni Dahl, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e wọlé. Wọ́n ní ẹni tí kò bá sí nínú ẹ̀rọ kò sí. Wọ́n ní kó lọ gba ike tuntun, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó ṣubú, mi ò pè wọ́n mọ́, mo gbé e wọlé fúnra mi.”

“Òun ló gbé mi!” ni fóònù hó. “Mo rántí ọwọ́ rẹ̀! Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ yẹn o! Bí ẹ bá lé e, mo ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ tòun ti okùn gbogbo tó wà lára mi!”

Verna sún mọ́ Ọ̀gbẹ́ni Dahl títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. “Ìwé méjì ni màá kọ, Preston. Èkíní máa sọ ohun tí mo ṣe. Ẹnu ọ̀nà adágún ni màá lẹ̀ ẹ́ mọ́. Èkejì ń lọ sí Tampa. Màá ṣàlàyé Gus fún wọn.”

Ọ̀gbẹ́ni Dahl wo Verna. Ó wo Gus, tí ojú rẹ̀ kan ti ń pa dé. Ó fa ìwé ìyọṣẹ́ náà jáde lábẹ́ abíyá, ó ya á sí méjì, ó ya á sí mẹ́rin. Aago ara ògiri lu mẹ́rin.

Ẹ̀yin èèyàn, ariwo sọ! Trudy dì mọ́ Marisol, báàgì rẹ̀ gbá bàbá oníkọ́ nímú. Marisol ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Orrin ń kọrin lórí fóònù. Verna jókòó, ó mú ṣọ́ọ̀kì mi, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì, ó ní ìyẹn ni ìdáríjì. Èmi gun orí àga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn gbàǹjo kéde pé òtítọ́ ti jàre, pé kò sí ọsibítù tó ní àgbà ọlọ́gbọ́n bíi tiwa láti ibí dé Georgia, pé ọjọ́ òní ni ìyà aláìsàn dópin ní Sandhill Palms! Ọ̀gbẹ́ni Dahl pàápàá ń pàtẹ́wọ́. Lókè orí wa, pátákó ń tàn yòò: ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Lábẹ́ rẹ̀, obìnrin oníbúláòsì olódòdó gbé àpò náà sókè, ó wò ó, ó sì gbé e kalẹ̀.

“Ẹ̀wà mi ti yọ́,” ló wí.